Àgbà Ṣubú ní Sudbury

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní kí n lọ pàdé akéwì kan níbùdókọ̀,
nítorí ọkọ̀ tèmi nìkan ló ṣì lépo nínú.
Oṣù keje ìyanṣẹ́lódì wa nìyẹn.
Wọ́n ní Casimiro Yujra lorúkọ rẹ̀,
èdè Sípéènì ló fi ń kéwì,
ìjọba mẹ́ta ló ti lé e.
Mo ti ń wọ̀nà fún òmìrán.
Ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ kò ga kọjá èjìká mi,
ẹ̀wù òtútù obìnrin ló wọ̀,
okùn bàtà ló fi di àpótí rẹ̀.
Ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì,
yìnyín gbà á nílẹ̀,
gbìì!

Wọ́n ní bọ́mọdé bá ṣubú a wo iwájú,
bágbà bá ṣubú a wẹ̀yìn wò.
Bàbá jókòó sórí yìnyín, ó wẹ̀yìn wò lóòótọ́.
Kí ló wà níbẹ̀ ju bọ́ọ̀sì tó ń tú èéfín lọ?
Ó ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nínú ọkọ̀, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń tiro, tèmi náà ń tiro,
a fi èjìká ti ara wa lọ.
Oruro ni wọ́n bí i, lórí òkè tí atẹ́gùn ti wọ́n bí owó.
Bàbá rẹ̀ ń wa táńganran lábẹ́ ilẹ̀,
a máa wúkọ́ bí ẹni ń fọ́ òkúta láyà,
ó kú lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógójì.
Ẹ̀yìn ìwé owó oṣù bàbá yẹn
lọmọ kọ ewì àkọ́kọ́ sí.
Ó ní, “Kò sí nǹkan púpọ̀ lójú ìwé náà tẹ́lẹ̀.”

Àwọn ológun fara balẹ̀ ka ewì náà ju àwọn olùkọ́ lọ.
Wọ́n tì í mọ́lé. Wọ́n jù ú sí bodè pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan.
Lima: ó ta ìwé ìròyìn.
Panamá: ó kun ọkọ̀ ojú omi lọ́dà.
Mẹ́síkò gbà á fọ́dún mọ́kànlá,
ó gbéyàwó níbẹ̀, ó sin ín síbẹ̀.
Lẹ́yìn náà Toronto, yàrá abẹ́ ilẹ̀.
“Mo sá fún ihò,” ó ní,
“mo wá ń sanwó ilé nínú ihò.”

Mo ní, Bàbá, kí lẹ rí nígbà tẹ́ ẹ wẹ̀yìn wò?
Ó ní, “Ìdí ló ń dùn mí.”

Èèyàn mọ́kànlá la bá nínú gbọ̀ngàn.
Aili Koskela ti se ọbẹ̀ ẹ̀wà, ó fẹ́ẹ̀ẹ́ jó.
Bàbá kéwì, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ èdè náà,
a kàn ń mi orí, bí a ti ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì.
Àfìgbà tí Réjean wúkọ́ lẹ́yìn.
Bàbá dákẹ́.
Réjean tún wúkọ́. Bàbá ká ìwé rẹ̀.
“Ọdún mélòó lo ti lò nísàlẹ̀?”
“Méjìlélọ́gbọ̀n.”
Ewì parí síbẹ̀.
Bàbá gbé àga sún mọ́ ọn,
Réjean ń sọ, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀
títí ọbẹ̀ fi dì.

Nígbà tí mo ń mú un padà lọ,
ó ní kí lẹ̀yin ń pe nǹkan yẹn, tó ń ṣe é láyà?
Mo ní, ikọ́.
Ẹ bẹ́ ẹ lórí, ó ku kọ́: ẹ̀kọ́ nìyẹn.
Ẹ rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀, kọ: ẹ ti mú gègé.
Ẹ tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kọ̀:
ẹ ò gbà mọ́ nìyẹn.
Bàbá rẹ́rìn-ín títí òun náà fi wúkọ́.

Oṣù kẹsàn-án la padà síṣẹ́,
ìdajì ohun tá a béèrè ni wọ́n fún wa.
Réjean kò padà.
Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́tà kan dé láti Thunder Bay,
ewì ló wà nínú rẹ̀, Sípéènì láti òkè délẹ̀,
àfi ìlà tó kẹ́yìn:
ko, ko, ko.
Kò fi àmì ohùn sí i.
Mo ti mú pẹ́ńsù,
mo ti gbé e sílẹ̀.